Ilé tí wọ́n fi béèlì koríko kọ́: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́, ìdáhùn rèé

Láti ìgbà tí mo ti fi béèlì koríko kọ́ sítọ̀ kan sẹ́yìn ilé wa ní Ayọ̀bọ̀, kò sí àlejò tó wọlé tí kì í fọwọ́ gbá ògiri yẹn wò. Wọ́n á gbá a, wọ́n á gbọ́ pé kò dún bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ti fẹ́ dàrú. Bíríkìlà ni mí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, búlọ́ọ̀kù ni mo fi ń jẹun, torí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ ta koríko fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló pọ̀ jù, ni mo bá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi.

Kí ni béèlì koríko gan-an?

Ẹ ti dé Katangúà rí, ní Abúlé Ẹ̀gbá? Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń di ọkirika, tí wọ́n á tẹ aṣọ mọ́ra wọn títí á fi le gbagidi, tí wọ́n á wá fi okùn dè é? Béèlì náà ni, koríko ló wà nínú ẹ̀ dípò aṣọ. Àmọ́ ẹ fetí sí mi dáadáa o, torí ibí làwọn èèyàn ti ń ṣì í. Kì í ṣe koríko tí wọ́n gé fún màlúù. Pòròpórò ni, ìyẹn ohun tó kù lóko lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì tàbí àlìkámà, tó ti gbẹ, tí kò sí ọmọ ọkà lórí ẹ̀ mọ́, tí inú ẹ̀ ṣófo bíi sítúrọ́ọ̀ tí ẹ fi ń mu mínírà. Koríko màlúù ní ewé àti èso nínú, ó dùn lẹ́nu ẹran, ó dùn lẹ́nu èkúté, ó sì tètè ń jẹrà.

Béèlì kékeré tí wọ́n fi okùn méjì dè máa ń tó ínǹṣì 14 ní gíga, 18 ní ìbú, àti nǹkan bíi 36 ní gígùn. Bí ẹ ṣe ń to búlọ́ọ̀kù náà lẹ ṣe máa tò ó, kí tòkè bo ojú ibi tí méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé, ẹ rẹ́ ẹ nínú, ẹ rẹ́ ẹ níta, ó ti di ògiri.

Ta ló kọ́kọ́ dán irú ẹ̀ wò?

Àwọn ará Nebraska ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Agbègbè kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sandhills, iyanrìn lásán ni ilẹ̀ ibẹ̀, igi ò pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń di béèlì wá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí kò rí igi, tí kò rí amọ̀ gidi, tí béèlì sì kún oko ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó fi kọ́lé? Ilé ìwé kan wà nítòsí Bayard níbẹ̀ tí wọ́n fi béèlì kọ́ láàárín àwọn ọdún 1890, wọn ò rẹ́ ẹ, ni màlúù bá jẹ ẹ́. Mi ò ṣe àwàdà, màlúù jẹ ilé ìwé. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pilgrim Holiness tí wọ́n kọ́ ní ìlú Arthur ní 1928, wọ́n rẹ́ ìyẹn, ó ṣì wà lórí ìdúró. Ní ilẹ̀ Faransé náà, ilé kan wà ní Montargis tí wọ́n ń pè ní Maison Feuillette, 1920 ni wọ́n kọ́ ọ. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ilé koríko ò lè pẹ́, ẹ bi í pé mélòó nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1920 ló ṣì dúró ládùúgbò ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, koríko ni o! Ṣé iná ò ní jó wa mọ́lé?

Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ bi mí náà nìyẹn. Ẹ ju ṣẹ́ẹ̀tì kan síná, kíá ló máa jó tán. Ẹ wá ju odidi béèlì ọkirika síná, ẹ ó rí i pé ara ẹ̀ á dúdú, á máa rú èéfín, inú ẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà, torí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ débi tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Bí béèlì koríko ṣe rí náà nìyẹn, kí a tó wá rẹ́ ẹ o. Ní 2006 wọ́n ṣe ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ògiri béèlì síwájú iná tó ju 900 dígírì lọ. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ fara dà á fún wákàtí kan, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ fara dà á fún wákàtí méjì. Ẹ lọ wo pákó àti síìlìn tó wà nínú ilé yín kí ẹ tó máa bú koríko.

Ibi tí ewu wà ni ọjọ́ tí ẹ ń kọ́ ọ. Koríko tó já sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń gé béèlì, ìyẹn ò lẹ́nìkan tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ìṣáná kan ti tó. Ẹ sì mọ sáìtì Èkó, wẹ́dà wà lápá ibí tó ń ta páro páro, máígáàdì ń se ìrẹsì lápá ọ̀hún, ìyá olóúnjẹ gbé sítóòfù ẹ̀ kalẹ̀, káfíńtà kan sì dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ tó ń mu sìgá. Nígbà tí a ń to tèmi mo ní kí wọ́n máa gbá ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, mo gbé dúrọ́ọ̀mù omi méjì kalẹ̀, mo sì lé gbogbo ohun tó ń jó kúrò títí a fi rẹ́ ẹ tán. Wọ́n ní mo le jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iná tó bá wọnú béèlì, tó bá ń jó jẹ́jẹ́ láì hàn síta, ó máa ń ṣòro pa gan-an ni.

Òjò Èkó wá ńkọ́?

Ẹ̀hẹn. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, kò tiẹ̀ sí ìbéèrè míì tó jọ ọ́ ní tèmi o. Omi ló ń pa koríko. Béèlì tó bá gbẹ, tó sì wà ní gbígbẹ, kò ní ṣe nǹkan kan títí ọmọ ọmọ yín á fi dàgbà. Àmọ́ tí omi inú ẹ̀ bá ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ lọ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù ú, á dúdú, á jẹrà. Ẹ wá wo ibi tí a wà. Òjò tó ń rọ̀ l'Ékòó lọ́dún ju mìlímítà 1,500 lọ, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló sì ń rọ̀ pọ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje. Ká tiẹ̀ ní òjò ò rọ̀, ẹ gbé iyọ̀ kalẹ̀ láìdé e nínú kíṣìnì ní oṣù kẹfà, ẹ wo bó ṣe máa yọ́. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ wa lẹ rí yẹn. Afẹ́fẹ́ yẹn nìkan, láìsí ẹ̀kán òjò kan, ti ń gbé koríko sún mọ́ ìdá 20 tí mo sọ, tó jẹ́ pé tí òrùlé bá jò díẹ̀ báyìí, ó ti parí.

Mo sọ ọ́ torí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹni tó kan páànù sítọ̀ mi kan ìṣó kan ṣì, lókè fèrèsé, omi wá ń gba ibẹ̀ wọ orí béèlì. Ká ní búlọ́ọ̀kù ni, ògiri á kàn ní àmì, ẹ ó rí i, ẹ ó pe ẹni tó máa lọ dí i. Koríko ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan, ó ń mu ún jẹ́jẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú omi, mo ní kí ni, mo fi igi gún ara ògiri, ó wọlé wọ̀ọ̀. Nígbà tí a là á, béèlì méjì ti dúdú pátápátá. A yọ wọ́n, a fi tuntun sí i, a tún un rẹ́. Ìṣó kan ṣoṣo o.

Nítorí náà, ẹni tó bá máa ṣe é l'Ékòó, ìpìlẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ga, ó kéré tán kọ́ọ̀sì búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ìyẹn ìlà mẹ́ta tó gorí ara wọn, lókè ilẹ̀, kó sì ga ju ibi tí omi máa ń dé ládùúgbò yẹn lọ́dún tí omi bá pọ̀ jù, ẹ lọ bi àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n mọ̀ ọ́n, ẹ́jẹ́ǹtì tó ta ilẹ̀ fún yín ò ní sọ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí búlọ́ọ̀kù kí béèlì tó gorí ẹ̀. Kí òrùlé yọ síta dáadáa, tí owó bá wà ẹ fi fàráńdà yí i ká. Ògiri báfúrúùmù àti kíṣìnì, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ jàre. Páìpù omi ò gbọ́dọ̀ gba inú béèlì kọjá rárá. Ìsàlẹ̀ fèrèsé, ẹ jẹ́ kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síta kí omi lè ṣàn lọ. Ẹ sì kọ́kọ́ gbé òpó dúró, ẹ kan òrùlé, kí ẹ tó kó béèlì dé sáìtì, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ náà ni iná máa ń tètè ràn. Mo mọ̀.

Ikán àti èkúté ńkọ́?

Èkúté ò ní wàhálà tí ẹ bá rẹ́ ẹ dáadáa tí ẹ ò fi ihò sílẹ̀, tí kò sì sí ọmọ ọkà nínú béèlì. Ikán ni kí ẹ bẹ̀rù. Ohun tó ń jẹ ní igi náà ló wà nínú koríko, ẹni tó bá ti gbé abẹ́ òrùlé koríko rí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ da kọnkéré sí gbogbo ìsàlẹ̀, ẹ tẹ páànù tí etí ẹ̀ kọ sísàlẹ̀ sáàárín ìpìlẹ̀ àti béèlì, kí ẹ má gbin òdòdó mọ́ ara ògiri, kí ẹ sì máa yí ilé ká wò lóṣooṣù bóyá wọ́n ti ń fi amọ̀ la ọ̀nà gòkè. Ìpìlẹ̀ gíga tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn wúlò níbí náà, torí ikán tó bá ń gòkè lójú búlọ́ọ̀kù gbangba, ẹ ó rí i.

Ṣé ògiri koríko lè gbé òrùlé? Ṣé a lè kọ́ ọ ní alájà?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, béèlì fúnra ẹ̀ ló gbé òrùlé, bí àwọn ará Nebraska ṣe ṣe é, ilé pẹlẹbẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, torí pé béèlì máa ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ tí ẹrù bá gorí ẹ̀. Èkejì, òpó àti bíìmù ló gbé ilé, béèlì kàn dí àárín ni. Èkejì ni mo ní kí ẹ ṣe l'Ékòó, torí pé ó jẹ́ kí òrùlé ṣáájú béèlì, ó sì jẹ́ kí ẹ lè yọ béèlì tó bá bàjẹ́ láìjẹ́ pé ilé wó. Tí kì í bá ṣe òpó, báwo ni mi ò bá ṣe yọ méjì tèmi?

Ẹni tó bá ń rò pé kò lágbára, ẹ gbọ́ èyí: lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Pakistan ní 2005 làwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi béèlì kọ́ ilé fáwọn èèyàn níbẹ̀, ní 2009 wọ́n sì gbé irú ilé yẹn sórí ẹ̀rọ tó ń mi nǹkan ní yunifásítì Nevada ní Reno, wọ́n mì í, mì í, kò wó. Àmọ́ ilẹ̀ wa níbí kì í mì bẹ́ẹ̀, omi ló ń bá wa jà.

Ṣé ó máa jẹ́ kí ilé tutù? Owó iná ń pa wá.

Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín pòròpórò kì í jẹ́ kí ooru kọjá, ògiri béèlì ju ògiri búlọ́ọ̀kù lọ dáadáa nípa èyí, ẹni tó fọwọ́ kan inú sítọ̀ mi ní aago méjì ọ̀sán mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀ nílẹ̀ òtútù, ooru tí wọ́n dá sínú ilé kì í jáde. Tiwa yàtọ̀. Tí ẹ bá ń tan AC, tí ẹ sì ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé e, ó máa bá yín dín in kù, torí tútù ò ní tètè sá. Tó bá jẹ́ pé fáànù àti fèrèsé lẹ gbójú lé, nígbà tó jẹ́ pé òru Èkó náà gbóná, ògiri tó nípọn ò ní ṣe tó fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn. Òkè ni ooru ti ń wọlé sí wa lára jù, látinú páànù. Ẹni tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kó kọ́kọ́ ṣe síìlìn ẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ máa tan AC, ẹ má fi ọ̀dà oníòróró kun inú ògiri o, ẹ má sì lẹ pépà onírọ́bà mọ́ ọn. Omi inú afẹ́fẹ́ ìta máa ń gba inú ògiri bọ̀ wá síbi tó tutù, tó bá bá rọ́bà pàdé, ibẹ̀ ló máa di sí, sínú koríko yín.

Sìmẹ́ǹtì ni kí n fi rẹ́ ẹ ni, àbí amọ̀?

Sìmẹ́ǹtì ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa, bíríkìlà èyíkéyìí ló mọ̀ ọ́n rẹ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí koríko mí. Tí ó bá là, omi á gba ibi tó là wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Amọ̀ ń fa omi kúrò lára koríko, ó sì ń tú u sáfẹ́fẹ́. Àìdáa ti amọ̀ ni pé òjò tó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ máa ń wẹ̀ ẹ́ dànù. Èmi fi amọ̀ rẹ́ inú, mo fi amọ̀ rẹ́ ìta lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí látinú òkúta tí wọ́n sun, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o) pẹ̀lú iyanrìn parí ìta. Láìmù ń mí ju sìmẹ́ǹtì lọ, òjò ò sì tètè wẹ̀ ẹ́. Àwọn bàbá wa fi amọ̀ kọ́lé ní Mushin àti Agége kí sìmẹ́ǹtì tó gbòde, àwọn kan nínú ilé yẹn ṣì wà, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kàn fi bò wọ́n lójú.

Ilẹ̀ mi jẹ́ hááfù plọ́ọ̀tì. Ṣé ó ṣe é ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Béèlì ínǹṣì 18, ẹ rẹ́ tinú tìta, ó ti di nǹkan bíi 21. Búlọ́ọ̀kù oní-9, ẹ rẹ́ ẹ, ó tó 11. Ó gba ínǹṣì mẹ́wàá lé lórí ògiri kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún àtòsì jẹ́ ogún, fẹ́ẹ̀tì méjì dín díẹ̀ ló ti lọ nínú yàrá yín. Ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ to béèlì kó di 14, ó dín in kù díẹ̀.

Tó bá jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó, Pópó Àgùdà, Làfíàjì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ilé fẹ̀yìn ti ilé, òrùlé yín ò ráyè yọ síta, omi òrùlé aládùúgbò á máa ta sí yín lára, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wọ́n débi tí ínǹṣì kan ṣe gbówó lórí. Ẹ̀bá Ayọ̀bọ̀, Ìpájà, Ìkòròdú, níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, tí àyè sì wà, ó lè ṣe é ṣe.

Níbo la ti máa rí béèlì rà?

Ìṣòro kejì nìyẹn, lẹ́yìn omi. Àwọn kan sọ fún mi pé ṣebí ilé ìṣẹ́ ìrẹsì wà ní Ìmọ́tà, tí wọ́n ṣí ní 2023, tó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, kí n lọ kó koríko ńbẹ̀. Èèpo ìrẹsì ló ń jáde níbẹ̀, bí bùrùbúrú, kò ṣe é dì ní béèlì. Pòròpórò wà lóko, níbi tí wọ́n ti gé ìrẹsì: ní Ògùn lápá Ọ̀fàdà, ní Ìgbẹ́mọ ní Èkìtì, ní Kebbi lókè ọ̀hún. Púpọ̀ àgbẹ̀ ló ń dáná sun ún, wọ́n á dúpẹ́ pé ẹ wá kó o. Ẹ̀rọ tó ń dì í ni kò pọ̀. Èmi ní káfíńtà ṣe àpótí pákó kan, a ń ki koríko sí i, a ń fi igi gígùn tẹ̀ ẹ́, méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ń jókòó lé orí igi. Kò rọrùn o. Béèlì ínǹṣì 14 sí 18 sí 36 kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 15 lọ, tí ẹ bá fa okùn ẹ̀ gbé e sókè, kò gbọ́dọ̀ rọ̀ láàárín. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, kí ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn, ẹ dá a padà. Ẹ sì sún mọ́lé rà, torí pé ẹni tó bá ń kó béèlì láti Kebbi wá s'Ékòó, afẹ́fẹ́ ló ń sanwó ọkọ̀ fún.

Ṣé ó máa dínwó kù?

Ògiri nìkan, bóyá. Àmọ́ ìpìlẹ̀ yín ga sí i, òrùlé yín gbòòrò sí i, rírẹ́ ẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣe é torí owó nìkan á bínú. Ohun tí ẹ dín kù ni sìmẹ́ǹtì, tó jẹ́ pé èéfín tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láyé pọ̀ gan-an, nǹkan bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́. Koríko ní tiẹ̀ ti mu kábọ́ọ̀nù sínú nígbà tó ń hù, ẹ kàn tì í mọ́ inú ògiri ni dípò kí àgbẹ̀ sun ún.

Ṣé ìjọba máa gbà?

Ẹ lọ gba ìwé ní LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù, LASBCA, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ló sì máa ń wá wo iṣẹ́ bó ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, yà á pé òpó àti bíìmù kọnkéré ló gbé ilé. Amẹ́ríkà ti fi ilé béèlì kún òfin ìkọ́lé wọn láti 2015, ẹnjiníà yín lè wò ó níbẹ̀. Ẹ má fi ṣe iṣẹ́ òru o, ẹ ó kàn fowó ṣòfò.

Ṣé mo lè kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri ẹ̀?

Ẹ ti fi pákó há sáàárín béèlì kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Tí ẹ bá gbàgbé, ẹ gbé e sórí tábìlì.

Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ lè fi kọ́ ilé tí ẹ máa gbé?

Ní Ayọ̀bọ̀ níbí, mo lè fi ṣe yàrá kan tàbí méjì, pẹ̀lú fàráńdà yíká, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo máa gun òrùlé lọ wo gbogbo ìṣó. Ilé tí mo máa fi háyà, rárá. Ayálégbé kì í sọ pé òrùlé ń jò títí omi á fi dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé a lè wá wò ó?

Ẹ máa bọ̀. Ẹ gbá ògiri wò bó bá ṣe wù yín, àfi apá fèrèsé yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un rẹ́ ni, amọ̀ ẹ̀ ò tíì gbẹ.